Mo fi bí wọ́n ṣe ń kú díwọ̀n wọn: gílóòbù sódíọ̀mù, mẹ́kúrì àti metal halide

Gbogbo ẹni tó bá ń yin àwọn gílóòbù ńlá wọ̀nyí, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án ni wọ́n máa ń sọ. Ó mọ́lẹ̀ gan-an, ó tan gbogbo inú ilé ìkẹ́rù, èèyàn lè ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Èmi kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí iná bá ń kú tó ń jí, tàbí tí apá kan ilé bá ti ṣókùnkùn, ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè mí pé kí n gbé àkàbà wá. Bí gílóòbù ṣe ń kú ni mo fi ń mọ èyí tó dáa, òun náà ni mo fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò yìí. Mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ: sódíọ̀mù, mẹ́kúrì àti metal halide, láti wáàtì 250 sí 400, irú èyí tí wọ́n ń lò lójú títì, ní ilé ìkẹ́rù, ní pápá ìṣeré àti ní ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ara páálí. Wọ́n á kọ ọ́ sára páálí sódíọ̀mù pé 24,000 wákàtí. Bí ẹ bá ń tàn án láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀, ìyẹn lé ní ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí wákàtí yẹn ni pé wọ́n tan gílóòbù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn títí ìdajì fi kú. Wákàtí tí ìdajì kú yẹn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi jà pé tòun ò pé ọjọ́. Ti ìdajì àwọn tó rà á ò ní í pé. Wọn ò sì sọ lára páálí pé nígbà ìdánwò yẹn, nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n fi ń tan gílóòbù kí wọ́n tó pa á lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń tàn án tó ń pa á ní gbogbo ìgbà tó bá ti wọlé tó jáde, kó má retí 24,000 rárá.

Títàn gan-an ló ń jẹ ẹ́ lára jù. Gílóòbù wọ̀nyí ò ní wáyà tín-ín-rín tó ń pọ́n nínú bíi ti gílóòbù ayé àtijọ́. Ìgò òde wà, túùbù kékeré kan sì wà nínú rẹ̀. Nínú túùbù yẹn ni irin tungsten méjì ti kojú síra, iná á máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì. Wọ́n ti fi èròjà kan pa orí irin náà kí iná lè tètè gbéra níbẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá tàn án láti tútù, díẹ̀ nínú èròjà yẹn á tú dànù, díẹ̀ nínú tungsten fúnra rẹ̀ náà á tẹ̀ lé e, wọ́n á lọ lẹ̀ mọ́ ara túùbù. Dúdú tí ẹ máa ń rí ní ìpẹ̀kun túùbù gílóòbù àlòkù, ara irin ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí èròjà orí irin bá ti ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni títàn á máa nira sí i, àwọn kan á sì kàn kú bẹ́ẹ̀: ẹ tẹ súwíìṣì, ẹ dúró, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ṣóòkù, ìyẹn irin wúwo tí wọ́n so mọ́ ojú ọ̀nà iná gílóòbù, ló ń dá iná lẹ́kun kó má kọjá ààyè. Láìsí i, iná tó ń fò nínú túùbù á kàn máa gbà sí i, á máa gbà sí i, títí nǹkan á fi bẹ́. Ẹ fi ti ṣóòkù sọ́kàn, torí òun ló máa ń jẹ gbèsè tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà tí gílóòbù bá ń lọ sílé.

Ó yá, sódíọ̀mù. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ó máa ń kéde kó tó lọ. Ẹ ó rí i lójú títì lálẹ́: gbogbo ìyókù dúró gbọn-in, ọ̀kan á tàn, á mọ́lẹ̀ dáadáa bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á sì kú lójijì. Ó máa tó ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kó tó tún bẹ̀rẹ̀, á gbóná, á mọ́lẹ̀, á tún kú. Bó ṣe máa ṣe é mọ́jú nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ rèé. Sódíọ̀mù àti mẹ́kúrì tí wọ́n pò pọ̀ ló wà nínú túùbù, wọ́n sì fi í sí i ju èyí tó máa di èéfín lọ. Àṣẹ́kù á jókòó síbi tó tutù jù, lẹ́yìn irin, ní ìpẹ̀kun túùbù. Nígbà tí ìpẹ̀kun yẹn bá ti dúdú, á máa gba ooru sára, ibi tó yẹ kó tutù á wá gbóná, àṣẹ́kù tó jókòó síbẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í di èéfín. Ìfúnpá inú túùbù á ga, fóltì tí gílóòbù ń béèrè á sì bá a lọ sókè. Sódíọ̀mù wáàtì 400 tuntun ń lo nǹkan bí fóltì 100. Bó ṣe ń dàgbà ló ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, títí ohun tó ń béèrè á fi ju èyí tí ṣóòkù lè fún un lọ. Iná á já. Bí túùbù bá tutù díẹ̀, ìfúnpá á wálẹ̀, ignitor, ìyẹn ohun kékeré tó ń ta iná líle láti jí gílóòbù, á tún ta á jí, a tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ó máa ń kọ́kọ́ fara hàn lálẹ́ ọjọ́ tí iná tó ń bọ̀ láti òpó bá rẹlẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó wà nínú agbára wọn ò ní í mọ̀ ọ́n lára, arúgbó àárín wọn nìkan ló máa já. Ní ọjọ́ kejì tí fóltì bá padà sípò, á tún tàn mọ́jú bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó pè mí á sì máa bẹ̀ mí pé iná ti dáa o, kí n má wàhálà mọ́. Mo ti mọ̀ pé kò ní í pẹ́ pè mí padà.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ná owó dànù ni pé ignitor ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà. Ẹ ronú sí i ná. Bí ignitor bá ti kú, gílóòbù ò ní í tàn rárá ni, kò sí bó ṣe máa mọ́lẹ̀ tán kó tó kú. Gílóòbù tó bá tàn débi tó mọ́lẹ̀ kedere, tó wá já, ignitor rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òmíràn, photocell, ìyẹn ojú tó ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú kó tó tan iná, ni wọ́n á dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé photocell tí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù fúnra rẹ̀ bá ń bà máa ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi nǹkan dúdú bo ojú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí iná bá ṣì ń já, ọ̀rọ̀ gílóòbù ni. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ fi gílóòbù tuntun tó jẹ́ wáàtì kan náà síbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Àwa tó ní mítà tún lè wọn fóltì ẹnu hódà. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni o, iná wà níbẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kó tàn kó gbóná tán, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó fi mítà kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má fi mítà kàn án nígbà tí kò tíì tàn, torí ẹgbẹ̀rún fóltì mẹ́ta, mẹ́rin ni ignitor ń ta, mítà yín á bá a lọ. Bí mo bá ti rí i pé ó ti ju 100 yẹn lọ dáadáa, mi ò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.

Nígbà tí mo bá sì ti tú u sọ̀kalẹ̀ tó tutù, mo máa ń gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ kí n wo inú rẹ̀. Túùbù sódíọ̀mù funfun bíi wàrà ni, seramíìkì ni wọ́n fi ṣe é, torí sódíọ̀mù gbígbóná á jẹ quartz, irú gíláàsì tó ń fara da ooru, run. Bí ìpẹ̀kun méjèèjì bá dúdú bákan náà, ọjọ́ ogbó ló pa á, kò sí ẹjọ́. Bí ọ̀kan bá dúdú tí ìkejì mọ́, mo máa ń fura. Lẹ́yìn ìyẹn mo á wo ìdí ìgò òde, níbi tí nǹkan kan ti ń dán lára ìgò nínú. Kò yẹ kí afẹ́fẹ́ wà nínú ìgò yẹn, nǹkan dídán yẹn ni wọ́n fi síbẹ̀ láti máa gba èyí tó bá fẹ́ jò wọlé. Bí mo bá rí i pé dídán rẹ̀ ti lọ, tó ti di funfun, mo mọ̀ pé ìgò ti ń jò, gílóòbù yẹn ò sì kú ikú ara rẹ̀. Irú èyí ni mo máa ń gbé padà lọ bá ẹni tó tà á, pàápàá tí kò bá tíì pẹ́. Bí ìgò òde bá sì ti ní àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú, sódíọ̀mù ti jò jáde láti inú túùbù nìyẹn.

Ẹ̀sùn tí mo fi kan sódíọ̀mù ni pé bí ẹ bá fi í sílẹ̀ tó ń kú tó ń jí fún oṣù mélòó kan, kò ní í dá nìkan lọ. Ignitor tí wọ́n ṣe kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lálẹ́ á máa ta iná títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣóòkù náà á máa gba ẹrù ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ẹni tó ní kí gílóòbù ṣì wà níbẹ̀ ná, gílóòbù, ignitor àti ṣóòkù ló máa rà pọ̀. Àwọn ignitor kan wà tó ní òǹkà àkókò nínú, bó bá ta á tí kò dúró, ó máa dákẹ́ títí ẹ ó fi pa iná kí ẹ tún un tàn. Bí ẹ bá ní àǹfààní àtirà irú ìyẹn, ẹ rà á.

Mẹ́kúrì ò ní kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìkà ni. Kì í kú! Àwọn èèyàn máa ń fi ìyẹn yìn ín, pé èyí tí bàbá àwọn fi síbẹ̀ ṣì ń tàn. Ó ń tàn lóòótọ́. Ẹ lọ dúró sábẹ̀ rẹ̀. Ara túùbù rẹ̀ ti dúdú látòkè délẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó kù ti di ewéko rẹ́súrẹ́sú, ilẹ̀ sì ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ wáàtì 400 ló ṣì ń jẹ, tí ti ṣóòkù ò tíì sí nínú rẹ̀. Nígbà tó wà ní tuntun pàápàá, nǹkan bí 22,000 lúmẹ́nì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ni mẹ́kúrì wáàtì 400 ń fúnni, sódíọ̀mù wáàtì 250 tuntun sì ń fúnni ní bíi 27,000. Ẹ wá wo èyí tí ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Kò sí ohun tó máa sọ fún ẹni tó ni ín pé ó ti parí, àfi ìwé owó iná. Ní ọdún 2015, ilẹ̀ Yúróòpù yọ ọ́ kúrò lọ́jà, àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mẹ́kúrì ní 2013 sì fi òpin 2020 ṣe gbèdéke fún ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Bí ẹ bá ṣì ní i lókè, ẹ má dúró dìgbà tó máa kú, ẹ yọ ọ́.

Metal halide ni èyí tí mo máa ń gun àkàbà rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, aṣọ àti ojú èèyàn máa ń rí bó ṣe rí gan-an lábẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tí sódíọ̀mù lè fi ṣe é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òrùlé ilé ìkẹ́rù tí wọ́n ti fi metal halide sí fún ọdún mélòó kan, tí gbogbo rẹ̀ wá láti inú páálí kan náà. Ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan bíi ewéko, ọ̀kan ti ń ya búlúù. Iyọ̀ onírúurú irin ló wà nínú túùbù rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́kúrì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọ̀ tó ń dá sínú ìmọ́lẹ̀. Bí ọdún ṣe ń lọ, sódíọ̀mù inú rẹ̀ á máa yọ́ gba inú quartz gbígbóná jáde, scandium, irin mìíràn tó wà nínú iyọ̀ yẹn, á máa bá quartz fúnra rẹ̀ jà, èyí tó ṣẹ́kù ni ẹ ó máa rí. Ẹ tiẹ̀ wo inú ìgò òde: nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà tó ń lọ sí orí túùbù lókè lọ́hùn-ún máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ìgò, ó jìnnà sí túùbù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí wáyà tó bá sún mọ́ ọn máa ń mú kí sódíọ̀mù tètè sá jáde. Èyí tí túùbù rẹ̀ jẹ́ seramíìkì ń pa àwọ̀ mọ́ jù, òun ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n rà bí àpò bá gbà á.

Àwọ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù ṣá. Túùbù quartz yẹn ń gbóná tó nǹkan bí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìfúnpá inú rẹ̀ sì pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ju ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Bó bá ti pẹ́ nínú ooru yẹn, quartz á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ibi funfun-funfun tí kò mọ́ gaara mọ́, ibẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́ nìyẹn. Nígbà míì túùbù á wú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ tó bá sì gbà, á bẹ́ gbàà, á fọ́ ìgò òde, àfọ́kù quartz tó ń jó wọ̀wọ̀ á dà sílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó pé páálí àti ọ̀rá ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àmì kékeré tó wà lára páálí fi ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ. Lẹ́tà E ní pé inú àtùpà tó ní ìbòrí gíláàsì ni ẹ gbọ́dọ̀ fi í sí. O ni èyí tí wọ́n fi ìgò líle kan yí túùbù rẹ̀ ká nínú, tó lè dúró sínú àtùpà aláìníbòrí. Mo ti gun òkè bá E nínú àtùpà tó ṣí gbayawu, ẹni tó fi í síbẹ̀ sì ní ìdí gílóòbù ṣáà wọ hódà. Ìwé tí àwọn tó ń ṣe é fi sínú páálí tún ń sọ nǹkan kan tí kò sẹ́ni tó ń kà á: bí iná bá ń tàn tọ̀sán-tòru, ẹ pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èyí tó bá ti fẹ́ parí ò ní í tàn mọ́ nígbà tí ẹ bá tún un tàn, ó kú sórí ìjókòó. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa tàn lọ, ibi tó ti ń bẹ́ nìyẹn. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń bá mi jiyàn lórí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí torí gílóòbù gbígbóná ò ní í tètè tàn padà, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún kó tó mọ́lẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, iṣẹ́ ò ní í dúró.

Bí ìgò òde bá sì fọ́ tí túùbù inú ṣì ń tàn, kì í ṣe nǹkan àmúṣeré. Ìgò òde yẹn ló ń dá ìtànṣán ultraviolet dúró, ti mẹ́kúrì náà bẹ́ẹ̀. Ojú á máa ta èèyàn bí ẹni tó wo iná wẹ́dà, ara á máa jóni. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n kọ T sára èyí tó máa kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìgò bá fọ́, kí wọ́n kọ R sára èyí tí kò ní ohun tó máa pa á. Níbi tí èèyàn bá ti ń ṣeré bọ́ọ̀lù tàbí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ pẹ́, T ni kí ẹ rà.

Mo sọ pé mo máa ń fura bí ìpẹ̀kun túùbù kan bá dúdú ju ìkejì lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé èròjà ti tán lórí irin kan nígbà tí ti ìkejì ṣì wà. Iná á wá máa kọjá dáadáa sí ọ̀nà kan, á máa tiro ní ọ̀nà kejì. Gílóòbù á máa ṣẹ́jú, ṣóòkù á máa kùn, á sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, torí wọn ò ṣe é fún irú iná bẹ́ẹ̀. Metal halide àti sódíọ̀mù méjèèjì ló lè ṣe é. Bí ṣóòkù yín ò bá ní ohun tó ń já nínú rẹ̀ tí ooru bá pọ̀ jù, ó lè jóná pátápátá. Gílóòbù tó bá ń ṣẹ́jú tí ṣóòkù rẹ̀ ń rùn, ẹ pa á ní kíákíá, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la.

Máàkì mi nìyí. Sódíọ̀mù gba mẹ́rin nínú márùn-ún, ọ̀kan tí mo yọ jẹ́ ti bó ṣe máa ń kó bá ignitor. Metal halide gba mẹ́ta bó bá wà nínú àtùpà tó ní ìbòrí, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó pé wákàtí tó wà lára páálí. Nínú àtùpà aláìníbòrí, láìsí lẹ́tà O, mi ò fún un ní nǹkan kan. Mẹ́kúrì, odo.

Èyí tó bá ti kú, ẹ má fọ́ ọ, mẹ́kúrì ṣì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ dá a padà sínú páálí tí tuntun wà, kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń gba irú rẹ̀. Kí ẹ tó ti tuntun wọ hódà, ẹ wo idẹ ìdí rẹ̀: àwọn kan ti tẹ nọ́ńbà oṣù àti ọdún yí i ká kí ẹ lè ha èyí tí ẹ fi í síbẹ̀. Bí tiyín ò bá ní, ẹ fi bírò tí kì í pa kọ ọ́. Èmi tí mo bá tún gun òkè wá, ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò nìyẹn.